Orí Kẹjọ: Ìrònú, Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ìbágbépọ̀ Àwọn Obìnrin Tó Ní Àyípadà Aláàbọ̀ Nínú Jíìnì FMR1

Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, tí èsì rẹ̀ sì jẹ́ AS, mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un: ara rẹ dá ṣáṣá, ẹni tí o máa fẹ́ ni kí o wò dáadáa. Irú èsì yẹn ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin tí orí yìí dá lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá á gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn nítorí pé kò tètè sọ̀rọ̀, kì í wo ojú ènìyàn, ariwo díẹ̀ ló sì ń dà á láàmú. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n á bá àrùn Fragile X níbẹ̀. Wọ́n á yẹ ti ìyá náà wò, wọ́n á ní, "Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá, mà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ̀yin fúnra yín." Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀nà. Apá kejì ni ìwádìí ti ń bi ṣubú díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí lára àwọn ìyá wọ̀nyí kéré, ó sì fara sin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́jú ilé, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè nàka sí pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ìṣòro onímọ̀ ni bó ṣe máa mọ ìyàtọ̀ kékeré lára ẹni tí ara rẹ̀ yá, àti bó ṣe máa mọ̀ bóyá jíìnì ló fà á, tàbí òru àìsùn ẹni tó ń tọ́ ọmọ tó ní àìlera. Ìbéèrè kejì yìí ni kí ẹ máa gbé lọ́kàn bí ẹ ti ń kàwé lọ.

Jíìnì náà

Jíìnì FMR1 wà lórí kírómósómù X, ní ìkángun apá gígùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà, àwọn dókítà ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní 1943, James Purdon Martin àti Julia Bell kọ̀wé ní Ìlú Ọba nípa ẹbí kan tí ọpọlọ àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ kò jí pépé, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ara wọn dá ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Ní 1969, Herbert Lubs rí i nínú maikirosíkóòpù pé ìkángun X irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tínrín bí ẹni pé ó fẹ́ já, ibẹ̀ sì ni orúkọ Fragile X ti jáde. Ó di 1991 kí àwọn onímọ̀ ní Rotterdam, Atlanta àti Houston tó rí jíìnì náà gan-an.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì yìí, lẹ́tà DNA mẹ́ta kan, CGG, tò tẹ̀lé ara wọn léraléra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Okùn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ju nǹkan bí 30 lọ. Tó bá wà láàárín 5 sí 44, kò léwu. Láti 45 dé 54 ni ibi tí àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé. Láti 55 dé 200 ni wọ́n ń pè ní premutation, èyí tí a ó máa pè ní àyípadà aláàbọ̀ nínú ìwé yìí. Èyí tó bá ti ju 200 lọ ni àyípadà kíkún, òun ló ń mú àrùn Fragile X wá. Láàárín okùn náà, lẹ́yìn CGG bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, AGG kan sábà máa ń wọlé bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ míràn. AGG yìí ni kì í jẹ́ kí okùn yọ̀. Okùn tí kò bá ní i a máa tètè gùn sí i bó bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni okùn ti ń gùn. Bàbá tó ní àyípadà aláàbọ̀ yóò fi í fún gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀, kò sì ní fún ọmọkùnrin rẹ̀ kankan, nítorí Y ló ń fún àwọn ìyẹn. Ti bàbá kì í sì í di kíkún lára ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ṣùgbọ́n bí okùn ìyá bá ti lé ní 100, tí ọmọ sì jogún X yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àyípadà kíkún ló máa jẹ́ lára ọmọ.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fara ṣe àṣìṣe. Wọ́n rò pé bí kíkún bá ń fa àrùn, aláàbọ̀ á máa fa àbọ̀ àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí okùn bá kọjá 200, sẹ́ẹ̀lì á fi èròjà methyl bo jíìnì náà, á tì í pa, purotéènì FMRP kò sì ní jáde mọ́. FMRP yìí ló ń díwọ̀n bí àwọn purotéènì míràn ṣe ń jáde níbi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀, nítorí náà àìsí rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ti aláàbọ̀ gba ọ̀nà míràn. Jíìnì náà ṣí sílẹ̀, ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Flora Tassone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2000 pé RNA tó ń ti ara rẹ̀ jáde pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì lè tó ìlọ́po méjì sí ìlọ́po mẹ́jọ. RNA àpọ̀jù yìí a máa dì mọ́ àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ lò fún iṣẹ́ míràn, kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè. Àìtó ló ń dààmú ọmọ, àpọ̀jù ló ń dààmú ìyá.

Obìnrin ní X méjì, èyí sì tún mú ọ̀rọ̀ lọ́jú pọ̀. Mary Lyon ló sọ ọ́ ní 1961 pé ọ̀kan nínú X méjèèjì máa ń sùn nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ X olókùn gígùn ló sùn nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, obìnrin náà lè dàgbà dàrúgbó kó má rí àmì kankan. Bó bá jẹ́ èkejì ló sùn jù, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ ìyá kan náà, tí okùn wọn sì gùn bákan náà, lè tipa bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra pátápátá.

Ohun méjì tó ń ṣe ara ni kí a mẹ́nu bà kí a tó kọjá. Nǹkan bí 20 nínú 100 obìnrin aláàbọ̀ ni ilé ẹyin wọn máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí wọ́n tó pé 40 ọdún. Láàárín àwọn obìnrin yòókù, nǹkan bí 1 nínú 100 ni. Èkejì ni ọwọ́ gbígbọ̀n àti ẹsẹ̀ àìdúró déédéé tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún, tí Randi Hagerman, Paul Hagerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 2001. Àwọn ọkùnrin aláàbọ̀ ló ń bá jà jù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan náà ń ní in. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn oníṣègùn gbà pé ẹni tí wọ́n ń pè ní agbẹ́rù lásán lè jẹ nínú ẹrù náà.

Ibi tí IQ kò dé

IQ àwọn obìnrin aláàbọ̀ kò kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn. Ìṣòro tí a ń sọ kì í ṣe ti òye, ti bí wọ́n ṣe ń lo òye nígbà tí nǹkan púpọ̀ bá wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ní 2006, Ave Lachiewicz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Duke University tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé ìṣirò jẹ́ ìṣòro fún àwọn obìnrin aláàbọ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yòókù nínú ìdánwò wọn dára. Ìṣirò àfọkànṣe la ń sọ, èyí tí wọ́n á kà sí ọ létí, tí wàá di nọ́ńbà mú lọ́kàn bí o ti ń yọ ọ́ tàbí tí o ń rò ó pọ̀. Kì í ṣe pé wọn ò mọ nọ́ńbà. Dídi nọ́ńbà mú lọ́kàn nígbà tí ọpọlọ ń fi í ṣiṣẹ́ ló le.

Ìṣòro kejì ni kíkó ara ẹni níjàánu. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hayling, tí Claudine Kraan, Kim Cornish àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Monash University ní Ọsirélíà lò fún àwọn obìnrin aláàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní Yorùbá kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Olùdánwò á ka gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ti yọ: "Àgbẹ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó kọrí sí…" Ní apá àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ ni wọ́n ń fẹ́, ó sì rọrùn, "oko" á jáde kí ẹ tó mọ̀. Ní apá kejì, wọ́n á ní kí ẹ parí gbólóhùn náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò bá a tan rárá. "Oko" ti dé orí ahọ́n, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e mì, kí ẹ wá nǹkan míràn, irú bíi "bọ́tìnnì", kí ẹ sì yára, nítorí aago ń lọ. Ẹni tó bá sọ "oko" kò yege. Ẹni tó sọ "ọjà" yege díẹ̀, nítorí àgbẹ̀ lè lọ sọ́jà. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi rò ó àti irú àṣìṣe tó ṣe ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ Monash rí ní 2014 ni pé kíkó ọ̀rọ̀ níjàánu nira fún àwọn obìnrin aláàbọ̀ ju fún àwọn tí wọ́n fi wé wọn lọ. Ó tún jọ pé àwọn tí èyí nira fún jù náà ló ń sọ pé ọkàn àwọn ń rẹ̀wẹ̀sì, pé àyà àwọn ń já, tàbí pé ara àwọn kì í lélẹ̀. Àmọ́ ẹ má kánjú. Ní 2008, Jessica Hunter, Stephanie Sherman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Emory University ní Atlanta yẹ àwọn aláàbọ̀ tí wọ́n wà láàárín 18 sí 50 ọdún wò, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín wọn àti àwọn yòókù kò tó nǹkan. Èrò tèmi ni pé ìwádìí méjèèjì lè tọ̀nà. Bí àwọn díẹ̀ bá ní ìṣòro nínú ọ̀pọ̀ tí kò ní, ìdá àárín gbogbo wọn yóò bo àwọn díẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé "obìnrin aláàbọ̀" jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Susan Folstein àti Michael Rutter ló la ọ̀nà sí ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá wọ̀nyí. Nínú ìwádìí ìbejì 21 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977, wọ́n rí i pé nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ní ọ́tísìímù, èkejì tí kò ní in náà sábà máa ń ní ìṣòro èdè tàbí ti ẹ̀kọ́, pàápàá tí wọ́n bá jọra bí ìmùmù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo àwọn òbí àti ẹbí fún àwọn ìwà tó fara jọ ọ́tísìímù ṣùgbọ́n tí kò tó àrùn: ẹni tó fẹ́ràn àdáwà, ẹni tí ètò rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀, ẹni tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Fragile X sì ni àrùn jíìnì kan ṣoṣo tó ń fa ọ́tísìímù jù lọ. Ó yẹ kí wọ́n béèrè bóyá irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn ìyá aláàbọ̀.

Molly Losh, Jessica Klusek, Joseph Piven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn béèrè rẹ̀ ní 2012. Wọ́n kó àwọn ìyá aláàbọ̀ tí ọmọ wọn ní Fragile X jọ, wọ́n kó àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní ọ́tísìímù tí kò ti ara FMR1 wá jọ, wọ́n sì kó àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò ní ìkankan. Wọ́n jókòó ti ìyá kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá a tàkúrọ̀sọ, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọn bí ó ṣe ń lo èdè láàárín ènìyàn. Ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ ní irú ìṣòro kan náà nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ju ẹgbẹ́ kẹta lọ.

Kí ni òṣùwọ̀n náà ń wò? Mo hun àpẹẹrẹ yìí fún kíláàsì. Wọ́n bi obìnrin kan pé, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, mà?" Ó dáhùn pé:

"Báǹkì ni mo wà. Kì í ṣe ti ojú títì o, wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ nígbà tí Linda ṣì wà. Linda yẹn, ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́, mo sì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ò gbọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n yí àsìkò ìwọlé wa padà sí aago méje àbọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀dọ̀ wa, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ló ń kọjá…"

Kò sí ọ̀rọ̀ tó burú níbẹ̀, gírámà rẹ̀ sì péye. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè kò mọ Linda, obìnrin náà kò sì sọ ẹni tó jẹ́. Àlàyé ti pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ Linda kò yẹ létí àlejò. Láti ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé orí bọ́ọ̀sì, kò sì sí àfárá láàárín wọn. Ohun mẹ́rin tí òṣùwọ̀n ń kà nìyí. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iye ìgbà tí wọ́n ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìtàkúrọ̀sọ kan ni wọ́n ń ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn ìwé òkè òkun kì í sọ tó. Àárín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe òṣùwọ̀n yìí. Bí ẹ bá bi ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn pé ibo ló ti ń bọ̀, tí kò sì sọ ẹni tó pàdé lọ́nà, bí ara ẹni náà ṣe rí, àti ohun tí wọ́n jọ sọ, àwọn aládùúgbò á ní inú ń bí i. Ohun tó jẹ́ àlàyé àpọ̀jù níbẹ̀ jẹ́ ọ̀yàyà níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí láàárín wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí obìnrin tí kò ní àyípadà kankan ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú yẹn.

Ìwádìí míràn kò tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni bá ìyá tàkúrọ̀sọ. Wọ́n kàn ní kí ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a lẹ́nu. Ní 2013, Audra Sterling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Wisconsin fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyá aláàbọ̀ wé ti àwọn ìyá ọlọ́mọ ọ́tísìímù. Ìyàtọ̀ wà nínú ìdúró, ìpadàsẹ́yìn àti àtúnsọ: ìyá á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á já a sílẹ̀ ní ìdajì, á tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Irú ìkọsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ èyí tó ń wá nígbà tí ọpọlọ ń gbìyànjú láti to gbólóhùn kí ẹnu tó sọ ọ́. Ní 2017, Arezoo Movaghar, Marsha Mailick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa yẹ irú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún yìí wò, ó sì mọ ẹni tó jẹ́ aláàbọ̀ yàtọ̀ sí ìyá ọlọ́mọ ọ́tísìímù ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí díẹ̀. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá fẹ́ fi gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù, ta ni yóò dá a dúró?

Jíìnì ni, àbí ìnira?

Ẹ padà sí ìbéèrè tí mo ní kí ẹ gbé lọ́kàn. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ tó ní Fragile X kì í sùn dáadáa, owó ń lọ, ìbátan ń yà sẹ́yìn, ilé ìwé ń pè é lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé nọ́ńbà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já, tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó yẹ kí ẹnu yà wá bí? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn sì ni wọ́n máa ń rí fi ṣe ìwádìí, nítorí ipasẹ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé aláàbọ̀ ni. Èyí ni àléébù tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ ti kà bọ̀.

Ọ̀nà kan láti yanjú rẹ̀ ni láti fi wọ́n wé ìyá míràn tí òun náà ń tọ́ ọmọ aláìlera, ohun tí Sterling ṣe nìyẹn. Bí ìnira nìkan ló ń dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu, ẹnu àwọn ìyá ọlọ́mọ ọ́tísìímù ì bá kọsẹ̀ bákan náà. Kò kọsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni láti má gba ọ̀dọ̀ ọmọ kọjá rárá. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìwádìí kan wà tó ti ń tẹ̀ lé àwọn tó jáde ilé ìwé gíga ní 1957 àti ẹbí wọn. Ní 2012, Marsha Mailick, tó ń jẹ́ Mailick Seltzer nígbà náà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì FMR1 àwọn 6,747 nínú wọn wò, wọ́n sì rí àyípadà aláàbọ̀ lára obìnrin 1 nínú 151 àti ọkùnrin 1 nínú 468. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé àwọn ní nǹkan kan. Kò sí dókítà tó rán wọn wá. Síbẹ̀, nǹkan oṣù àwọn obìnrin aláàbọ̀ inú wọn tètè dáwọ́ dúró ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Wisconsin yìí kan náà tún lo àkọsílẹ̀ ìwòsàn nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní Marshfield, níbi tí dókítà àti aláìsàn kò ti mọ ẹni tó ní àyípadà náà. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin aláàbọ̀ ni ìpayà àti ìbẹ̀rù àwùjọ ti ń jáde. Ẹni tó bá ní ọmọ ló ń fa gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá dáhùn èyí.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Bó bá jẹ́ jíìnì, gígùn okùn yẹ kó ní nǹkan sọ. Ó ní, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ bí a ṣe rò. Àwọn tí okùn wọn gùn jù kọ́ ni ọ̀rọ̀ le fún jù. Àwọn tó wà láàárín, ní nǹkan bí 80 sí 100 CGG, ni ewu ilé ẹyin pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n rí nípa ọkàn sì tẹ̀ sí ibẹ̀ náà. Bí ẹ bá yà á sórí pépà, òkè kékeré ni ẹ máa rí, kì í ṣe àkàsọ̀.

Ní 2012 kan náà, Mailick Seltzer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí òkè yìí ṣe ń bá ìgbé ayé pàdé. Wọ́n ka iye ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú tó bá ìyá kọ̀ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, irú bí ikú ẹbí tàbí ìpàdánù iṣẹ́, wọ́n sì wọn họ́mónù cortisol nínú itọ́ rẹ̀. Nígbà tí wàhálà pọ̀, àwọn tí okùn wọn wà ní àárín ni ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì jù, cortisol wọn kò sì dìde bó ṣe yẹ kó dìde láàárọ̀. Nígbà tí wàhálà kò pọ̀, àwọn kan náà yìí ni ara wọn tù jù, ju àwọn tí okùn wọn kúrú tàbí tó gùn lọ. Jíìnì yẹn kì í ṣe àrùn fún wọn nígbà náà. Ó mú kí ayé tètè wọ̀ wọ́n lára, ì báà jẹ́ ayé dídùn tàbí èyí tó korò. Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, jíìnì ni àbí ìnira, kò wá ní ìdáhùn kan ṣoṣo mọ́, nítorí pé agbára èkínní wà lọ́wọ́ èkejì.

Nípa ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìfọkànbalẹ̀ fúnra wọn, a ó yára. Jane Roberts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2009 pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin aláàbọ̀ ju láàárín àwọn obìnrin yòókù lọ, ìpayà òjijì náà sì wà níbẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ Hagerman dábàá orúkọ kan, FXAND, fún gbogbo ìṣòro ọkàn tó bá ń bá àyípadà aláàbọ̀ rìn. Àwọn kan gbà á, torí pé orúkọ ń jẹ́ kí dókítà tẹ́tí. Lójú tèmi, ó tètè jù láti fi orúkọ àrùn bo ohun tó wà lára àwọn kan tí kò sí lára ọ̀pọ̀.

Nínú yàrá ìmọ̀ràn

Nǹkan mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí yí padà fún ẹni tó ń gba ẹbí nímọ̀ràn. Àkọ́kọ́, àyẹ̀wò ìyá kò parí sórí ọmọ. Kí wọ́n béèrè nípa nǹkan oṣù rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún ọmọbìnrin aláàbọ̀ tó fẹ́ bímọ pé kó má fi ìgbà ṣòfò. Èkejì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀. Ẹni tí nọ́ńbà kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ni wọ́n ń kó "ìdá 20 nínú 100", "okùn 92" àti ọjọ́ ìpàdé mẹ́ta dà sí lórí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ń yà sọ́tùn-ún sósì sí àìgbọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹbí. Bí ìyá bá jẹ́ aláàbọ̀, bóyá bàbá rẹ̀ tí ọwọ́ ń gbọ̀n ni ó ti jogún rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ní in.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìwádìí tí a ti kà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ tó ṣe gúnmọ́ jù lọ tí mo mọ̀ ni ti Ambroise Wonkam, Karen Kengne Kamga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n tọ ìdílé ńlá kan ní ìgbèríko láti orí baba ńlá wọn wá, tí wọ́n sì ń yẹ jíìnì ẹbí wò láti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹnì kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn ará ìlú ti ní àlàyé tiwọn fún àìlera náà ṣáájú kí ẹ̀rọ tó dé, àti pé olùgbaninímọ̀ràn tí kò bá gbọ́ àlàyé yẹn kọ́kọ́ kò ní rí ẹni tó máa tẹ́tí sí tirẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Bàbá àgbà kan jẹ́ ẹni ọdún 68, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá fẹ́ gbé ife. Ó bí ọmọbìnrin méjì àti ọmọkùnrin kan. Nǹkan oṣù ọmọbìnrin àgbà dúró ní ọdún 37. Ti kékeré ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé iṣẹ́ báǹkì ti sú òun nítorí ìṣirò, àti pé òun kì í fẹ́ lọ síbi ayẹyẹ. Ó ní ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ ya ìdílé náà sórí pépà. Ẹ sọ ẹni tó dájú pé ó ní X olókùn gígùn bí ti bàbá àgbà bá jẹ́ FMR1, ẹni tó dájú pé kò ní in, àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ máa bi ọmọbìnrin kékeré láti mọ̀ bóyá àìfẹ́ àwùjọ rẹ̀ ti wà kó tó bímọ, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ìdáhùn rẹ̀ lè fi hàn àti ohun tí kò lè fi hàn.